Dọ̀bálẹ̀ Kí N Wò Ó

Bẹ́ ẹ bá gbé iṣẹ́ awọ fún bàbá tó bí bàbá mi, ẹ̀ báà jẹ́ ọba, ẹ ó dọ̀bálẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e lọ. Kì í ṣe pé wọ́n ń wá ìkíni o. Wọ́n ní ìgbànú tí ọmọ Yorùbá ò bá lè fi dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, ìgbànú kọ́ nìyẹn, okùn ẹran ni. Wọ́n á ní kí oníbàárà de iṣẹ́ náà mọ́ra, kó jókòó, kó dìde, kó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá nàka sí ilẹ̀ bákónì wa: "Dọ̀bálẹ̀ kí n wò ó." Onítọ̀hún á nà gbalaja. Bàbá á tẹ̀ ba, wọ́n á ti ìka bọ abẹ́ awọ náà níbi ikùn, wọ́n á wo ibi tó ti fún àti ibi tó ti ń ṣí sílẹ̀. Bó bá dára, wọ́n á gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́, wọ́n á ní, "Ó ti bá ọ mu. Dìde." Bí wọn ò bá tíì sọ gbólóhùn yẹn, iṣẹ́ ò tíì parí.

Mo ti rí àgbààgbà òṣìṣẹ́ ìjọba nílẹ̀ bákónì yẹn, tàì lọ́rùn, bàtà dídán lẹ́sẹ̀, tí wọ́n dojú bolẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé tó jẹ̀bi. Ọmọ Ìgbò kan tó ń gbé òkè wa, èèyàn jẹ́jẹ́, kò dọ̀bálẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ìgbànú ló kọ́ ọ. Nígbà tó yá, bó bá ti rí Bàbá lórí àtẹ̀gùn báyìí, á ti máa wá ibi tó máa fàyà lé. Bàbá á ní, "Dìde jàre, o ò gbé iṣẹ́ wá lónìí."

Aláwọ ni wọ́n, ọmọ Ọ̀yọ́ pọ́ńbélé, nílé tí wọ́n ti ń rán àpò, ìrọ̀rí aláwọ àti àkọ̀ idà láti ayébáyé. Nígbà tí ìjọba ń fi ìbò pín ilé, tí ìbò gbé fúláàtì fún bàbá mi ní Fẹ́sítáàkì l'Ékòó, ọ̀dà ṣì ń rùn lára ògiri, iná ń tàn lójú títì, omi ń yọ nínú ẹ̀rọ, àwa náà ń ṣe fáàrí. Ìyá wa àgbà ti kú nígbà náà, bàbá mi bá ní ẹni kan ò gbọdọ̀ fi bàbá òun nìkan sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ó gbà pé òun ń mú wọn wá sinmi ni. Ìgbà tí ọkọ̀ já ẹrù wọn sílẹ̀, agbádá méjì péré ló wà níbẹ̀. Gbogbo ìyókù, awọ ni.

Ìjà wọn pẹ̀lú ìyá mi kò pẹ́ rárá, ó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Ẹ mọ ọpọ́n ìwẹ̀ funfun gbọ̀ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ mọ́ balùwẹ̀ àwọn ilé wa. Ìyá mi fẹ́ràn ẹ̀ débi pé ó ń fi àdúrà nù ún. Ó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó ṣílẹ̀kùn, ló bá rí awọ ewúrẹ́ tó na gbọnrangandan sínú omi, irun ṣì wà lára rẹ̀. Ó figbe ta. Bàbá yọ jáde jẹ́jẹ́, kò ṣe wọ́n bí ẹni tó ṣẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, èèyàn wo ló máa gbé ọpọ́n tó tó báyìí sínú ilé nítorí kó lè sùn sínú omi? Awọ ni wọ́n ṣe é fún, wọn ò kàn mọ̀ ni."

Títí wọ́n fi lọ, a ò mọ ẹni tó jàre nínú ìjà yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Sátidé ni ti awọ, ọjọ́ yòókù ni ti èèyàn, àti pé ìyá mi ló sunkún jù lọ́jọ́ tí a sin wọ́n.

Bàbá ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ń wo gbogbo ayé: "Ohun tó fún ṣì ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ohun tó ti dẹ̀, ó ti kọ etí ikún." Iṣẹ́ awọ ni wọ́n ti rí i. Awọ tó fún, èèyàn lè fi sùúrù bẹ̀ ẹ́ títí á fi gbà. Èyí tó ti dẹ̀ jù, kò séèyàn tó lè dá a padà mọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò fi mọ sí awọ. Bọ́bẹ̀ bá ki, wọ́n á ní ó dáa bẹ́ẹ̀, a ṣì lè bomi sí i. Bí bàbá mi bá le mọ́ àwọn àbúrò mi, wọ́n á ní ẹ fi sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ á rọ̀, bàbá tó ti dẹ̀ ló yẹ ká bẹ̀rù. Èmi Àdùkẹ́ tí mò ń ṣiṣẹ́ tápíìsì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mo ra bàtà gogoro kan tó ń pa mí lẹ́sẹ̀, mo fẹ́ sọ ọ́ nù. Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo fi ń jó kiri pálọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí náà ló gbé mi délé ọkọ. Ọkùnrin tí mo mú wálé wá kí wọn kò lẹ́nu ọ̀rọ̀, ìyá mi sì ti ń yínmú sí i láti kíṣìnì. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ bó ti yẹ. Bàbá ò dáhùn ìkíni. Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n ti ìka bọ abẹ́ ìgbànú rẹ̀, wọ́n pariwo: "Ta ló rán eléyìí? Ó ń pa ọmọ ọlọ́mọ lára, kò sì wí!" Wọ́n ní kí n mú irin ìdálu wá. Ọkọ mi wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí wọ́n fi lu ihò tuntun sí ìgbànú náà, tí wọ́n fi dì í padà. Wọ́n wá gbá a lẹ́yìn. "Ó ti bá ọ mu. Dìde." Èmi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ lẹ́yìn ìyẹn bóyá kí n fẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo jókòó láti sọ gan-an ni ti àkọ̀ ìbọn.

Kí n tó lọ sílé ọkọ, Kápútéènì sójà kan ń gbé bílọ́ọ̀kù tó dojú kọ tiwa nínú kílóòsì wa, àdúgbò kékeré tó ní ojú ọ̀nà kan ṣoṣo. Nígbà tí inú rẹ̀ bá tutù, ọmọlúàbí ni. Á ra bisikíìtì fún gbogbo ọmọ àdúgbò, á sì bá àwọn àgbà gbẹ́rù gun àtẹ̀gùn. Ìgbà tí inú rẹ̀ bá gbóná ni kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí. Nítorí rẹ̀ ni àwọn ọmọ ṣe ń pè é ní Kápútéènì Ata, lẹ́yìn rẹ̀ o, ta ló tó bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀.

Ọjọ́ kan ló gun òkè wá pẹ̀lú àkọ̀ ìbọn tuntun, awọ dúdú tó nípọn, tí wọ́n máa ń so mọ́ ìgbànú.

"Bàbá, ẹ gbà mí. Ìbọn mi máa ń há sínú nǹkan yìí bí ìgbà tí wọ́n fi àtè lẹ̀ ẹ́. Mo ti da kẹrosíìnì sí i, kò gbọ́. Mo sá a sóòrùn, ó tún wá le sí i."

Bàbá gbà á, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n mirí. "O dáná sun ún tán, o wá ní kí n jí i dìde. Oòrùn ló ń mú awọ súnkì, ọmọ mi. Kí lo fẹ́ kó máa ṣe?"

"Kí n kàn fọwọ́ kàn án ni, kí ìbọn ti jáde."

"Ó dáa," ni Bàbá wí.

Wọn ò jẹ́ kí ìbọn tó lọ́ta nínú wọ ilé wa. Kápútéènì yọ ọta rẹ̀ nísàlẹ̀, ó gbé ìbọn pélébé náà sórí àga, Bàbá sì fi okùn wọ̀n ọ́n níhìn-ín lọ́hùn-ún. Wọ́n fi igi gbẹ́ èkejì rẹ̀, ó jọ ọ́ débi pé ìyá mi ní kí wọ́n máa fi aṣọ bò ó tí àlejò bá dé. Wọ́n fi aṣọ tó rin fún omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu inú awọ náà, wọ́n wé aṣọ fẹ́lẹ́ kan mọ́ ìbọn igi, wọ́n tì í wọnú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n gbé e sí ibòji. Bí awọ bá ti gba ìyẹn, wọ́n á tún wé aṣọ mìíràn lé e. Wọ́n ní, "Awọ kì í fẹ́ ipá. Bó o bá fipá mú un, á gbẹ̀san lára rẹ lọ́jọ́ tó o bá ń kánjú."

Àkọ̀ náà ṣì wà níbòji nígbà tí ìròyìn kàn wá. Dírẹ́bà kan ló fi ọkọ̀ ha ẹ̀gbẹ́ mọ́tò Kápútéènì ní Apple Junction. Kápútéènì fò sílẹ̀, ó fa ìbọn yọ nínú mọ́tò, ó nà án sí i láyà lójú gbogbo ayé. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ló bẹ̀ ẹ́ títí tó fi sọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìyàwó Kápútéènì wá. Ìyá Bùsọ́lá là ń pè é, arẹwà obìnrin tí kì í pariwo. Mo wà ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un. Kò jókòó sórí àga tí mo gbé fún un, orí ìkúnlẹ̀ ló wà.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí àkọ̀ yẹn dẹ̀."

Bàbá dá iṣẹ́ ọwọ́ wọn dúró.

"Kò rí báyìí tẹ́lẹ̀," ló wí. "Láti ìgbà tó ti ojú ogun dé ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń yá ju ọkàn rẹ̀ lọ. Bí ìṣẹ́jú kan bá lè kọjá báyìí, inú rẹ̀ á rọ̀, òun fúnra rẹ̀ á máa bẹ̀bẹ̀. Ẹkún ló sun mọ́jú lánàá nítorí dírẹ́bà yẹn. Ìṣẹ́jú kan yẹn ni mo wá tọrọ lọ́wọ́ yín."

"O ní kí n ba iṣẹ́ mi jẹ́."

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, Bàbá. Bó bá pa ọmọ ẹlòmíì, òun náà kú nìyẹn, èmi àti Bùsọ́lá sì bá a kú."

Bàbá gbé àkọ̀ náà sókè, wọ́n yí i padà síwá sẹ́yìn. "Idà ń wólé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́," ni wọ́n wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n wá ní kí obìnrin náà máa lọ sílé, kó má sì jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ mọ̀ pé ó wá. Bó ti jáde ni wọ́n kọjú sí mi.

"Àdùkẹ́. Ẹnu rẹ."

Yéè! Ẹnu èmi! Ẹnu tí gbogbo ọ́fíìsì wa fi ń gbọ́ ìròyìn! Mo búra fún wọn pẹ̀lú Bíbélì ìyá mi. Wọ́n bá fa ìbọn igi yọ kúrò nínú àkọ̀, bẹ́ẹ̀ awọ náà ò tíì gbà.

"Bàbá, kò tíì dẹ̀."

"Mo mọ̀."

Nígbà tí Kápútéènì wá gba iṣẹ́ rẹ̀, ó ti ìbọn rẹ̀ bọ inú àkọ̀, ó wọlé geere. Inú rẹ̀ dùn. Ó fà á, kò jáde. Ó tún fà á. Àfi ìgbà tó fi ọwọ́ òsì di ìdí àkọ̀ mú, tó wá ń rọra mì ín síhìn-ín sọ́hùn-ún, ló tó yọ.

"Bàbá, ó ṣì há o."

Bàbá ń wo ilẹ̀. "Ibi tí ọwọ́ mi mọ nìyẹn."

Ara mi bù máṣọ. Èmi ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn rí. Èyí tó tún wá dùn mí jù ni pé wọn ò ní kó dọ̀bálẹ̀. Wọ́n kàn gbé nǹkan ọ̀hún fún un bí ẹni tó ta iyọ̀.

Kápútéènì sọ̀ kalẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò sì dúró. Ó sọ fún aládùúgbò yìí, ó sọ fún tọ̀hún: "Bàbá yẹn ti dàgbà jù, ọwọ́ wọn ti kú." Láàárín oṣù kan, àwọn tó máa ń fàyà wọ́lẹ̀ lọ́dọ̀ wa ti ń gbé ìgbànú wọn lọ bá oníbàtà létí títì. Bàbá jókòó sí bákónì, ìbọn igi lẹ́bàá wọn, wọ́n ń tún sálúbàtà ìyá mi rán, èyí tí kò já. Àwọn ọmọ kan kọjá nísàlẹ̀, wọ́n ń kọrin "Ibi tọ́wọ́ mi mọ." Mo fẹ́ já lọ bá ìyá wọn.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀! Wọ́n ń ba orúkọ yín jẹ́!"

"Orúkọ mi ti dàgbà," ni wọ́n wí, wọn ò gbójú sókè. "Ó lè jìyà díẹ̀. Mú òwú yẹn wá."

Ó dun wọ́n o. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín jẹ. Wọn kì í jẹun tán lásìkò yẹn, ìyá mi tí wọ́n jọ ń jà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi awọ sínú omi fún wọn fúnra rẹ̀, kí wọ́n lè rí nǹkan ṣe.

Àárọ̀ Sátidé kan ni ọjọ́ náà pé. Dírẹ́bà táńkà kan tó ń gbé Satellite Town wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nínú kílóòsì wa. Ó gbé ọkọ̀ gàgàrà rẹ̀ dí ojú ọ̀nà pa. Kápútéènì fẹ́ jáde. Ó fọn fèrè, ó fọn ọ́n títí. Ọkùnrin náà yọjú, ẹ̀kọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀: "Ọ̀gá mi, ẹ ní sùúrù díẹ̀, mò ń bọ̀."

"Èmi lò ń sọ fún pé kí n ní sùúrù?"

Ọwọ́ Kápútéènì ti dé ìbàdí. Ó fa ìbọn. Kò yọ. Ó fà á tagbáratagbára, ìgbànú àti ṣòkòtò bá a gòkè dé igbá àyà, ìbọn ò kúrò lójú kan. Ẹ̀kọ já bọ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà. Mo rí Ìyá Bùsọ́lá lẹ́nu ọ̀nà wọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìró rẹ̀ mú, kò lè sún.

Ni ohùn Bàbá bá sọ láti òkè: "Kápútéènì! Má fà á báyẹn, o fẹ́ ya awọ mọ́ mi lọ́wọ́ ni? Gòkè wá kí n bá ọ tún un ṣe!"

Ó gbójú sókè. Ìbínú rẹ̀ rí ẹlòmíì dojú kọ. Ó gun àtẹ̀gùn wa gììrìgììrì, ó ń pariwo pé Bàbá ló ba òun nínú jẹ́, Bàbá ló sọ òun di ẹlẹ́yà. Kó tó dé òkè, táńkà ti ń fi ẹ̀yìn rìn jáde. Bàbá nàka sílẹ̀.

"Dọ̀bálẹ̀ kí n wò ó."

Ó dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọmọ Yorùbá ni, àgbà ló pàṣẹ fún un. Ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá jókòó sórí àpótí wọn, wọn ò wo awọ rárá. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣe, ejìká Kápútéènì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Bàbá, mo fẹ́ pa á."

"Mo mọ̀."

"Nítorí mọ́tò."

"Mo mọ̀."

Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbá a lẹ́yìn. "Dìde," ni wọ́n wí. Mo ń dúró de ìyókù ọ̀rọ̀ náà, wọn ò sọ ọ́. Ó dìde, ó nu ojú, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò gbé àkọ̀ náà wá mọ́, kò sì bá wa jà. Kò pẹ́ tí wọ́n gbé e lọ sí Kàdúná lẹ́nu iṣẹ́, òun àti ìyàwó rẹ̀ kó lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn oníbàárà padà, nítorí oníbàtà etí títì kì í wò bóyá ìgbànú ń fún èèyàn níkùn. Bàbá gbà wọ́n bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Wọn ò ṣàlàyé fún ẹnì kankan títí wọ́n fi lọ, èmi náà ò sì yanu.

Wẹ́rẹ́ ni wọ́n lọ. Wọ́n jẹun ọ̀sán tán, wọ́n ní kí n bá wọn gbé awọ kan kúrò lóòrùn. Mo gbé e wá sí ibòji, mo padà wọlé, wọ́n ti sùn lórí àga wọn. Ọ̀yọ́ la sin wọ́n sí.

Lẹ́yìn tí a ti Ọ̀yọ́ dé, tí ilé ṣì kún fún abánikẹ́dùn, Kápútéènì wá kan ilẹ̀kùn. Láti Kàdúná lòun àti Ìyá Bùsọ́lá ti wá. Aṣọ funfun ló wọ̀, àkọ̀ dúdú yẹn wà ní ìbàdí rẹ̀, kò sí ìbọn nínú rẹ̀. Ó kí àwọn òbí mi, ó wá ní kí n mú òun dé bákónì.

"Oníbàtà kan wà ní bárékè wa níbẹ̀," ló wí. "Mo gbé e fún un pé kó bá mi tú u sílẹ̀. Ó wo inú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ọ̀gá, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ. Ó mọ̀ọ́mọ̀ dúró ni. Ẹ fi sílẹ̀, kó tó dọ̀sán màá ti bá yín parí ẹ̀.'"

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀." Ó fọwọ́ kan àkọ̀ náà. "Ìgbà mélòó ni mo ti fa nǹkan yìí tí kò yọ, Àdùkẹ́! Kó tó yọ, mo ti rántí pé ọmọ ènìyàn ló dúró síwájú mi. Gbogbo Fẹ́sítáàkì ni mo sọ fún pé ọwọ́ wọn ti kú. Mi ò rí wọn bẹ̀."

Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ti ń bọ́ lójú mi. Ó wo ilẹ̀ bákónì, níbi tí Bàbá máa ń nàka sí, ó sì dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ gbalaja, pẹ̀lú aṣọ funfun.

"Bàbá ò parí ọ̀rọ̀ mi lọ́jọ́ yẹn," ló wí. "Bá mi wò ó."

Kí lèmi mọ̀ nípa awọ? Mo kúnlẹ̀, mo ti ìka bọ abẹ́ ìgbànú rẹ̀ níkùn bí mo ṣe ń rí i tí Bàbá ń ṣe. Mo fi ọwọ́ tẹ àkọ̀ náà. Ó ṣì le, ó ṣì fún, bí Bàbá ṣe fi í sílẹ̀ gan-an. Mo gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́.

"Ó ti bá yín mu, sà. Ẹ dìde."